Kọ́kọ́rọ́ yí, ọkọ̀ ò dáhùn: ṣé kick-starter ni kí n rà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà, ọ̀tọ́mátíìkì ni. Tí mo bá fẹ́ gbéra láàárọ̀ ní Ọmù-Àrán, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń yí kọ́kọ́rọ́ tó fi ń sítáàtì. Àmọ́ tí mo bá dé Ìlọrin, tí mo pa á ní Gàrééjì Ọ̀fà láti ra nǹkan, tí mo padà dé, ó lè dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Tí mo bá yí i tó ìgbà márùn-ún, á kàn gbà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é rí. Oṣù tó kọjá ni mo pààrọ̀ bátìrì. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra kick-starter tòkunbọ̀. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kick-starter, mọ́tò kékeré tó máa ń kọ́kọ́ yí ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá fẹ́ sítáàtì, ló ń dà yín láàmú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó máa ń jẹ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, tòkunbọ̀ tí ẹ máa rà sì lè ní àrùn kan náà lára. Àìsàn tó ń wá tó ń lọ, àfi kí èèyàn ká a mọ́bẹ̀. Tí ọkọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ rẹwáyà tó ń sítáàtì dáadáa, àbá lásán ló máa dá. Ẹ ra mítà kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn iná sínú ọkọ̀.

Orí bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé tuntun ni. Bátìrì olórí tẹ́ẹ́rẹ́ wà, olórí ńlá náà wà. Bí tẹ́mínà ọkọ̀ yín (irin tó ń di orí bátìrì mú) bá tóbi jù ú, àwọn kan á ki ìṣó bọ̀ ọ́ láàárín, wọ́n á ní ó ti le. Ìyẹn tó fún rédíò. Kick-starter ń fa iná tó ju 100 áńpì lọ, ojú bíńtín tí ìṣó fi kan òjé kò lè gbé e. Ẹ fọwọ́ yí tẹ́mínà wò. Kò gbọdọ̀ mì rárá. Bí ó bá mì, tàbí tí ìyẹ̀fun funfun bá bò ó, ẹ fi sípánà 10 tú u. Nẹ́gétíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńpépà ha á títí á fi dán. Kí ẹ tún tọ wáyà nẹ́gétíìfù lọ dé ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, torí ó máa ń dógùn-ún níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wò ó.

Ẹ yí mítà sí DC 20. Láàárọ̀, kí ẹ tó sítáàtì, bátìrì tó kún á fi nǹkan bí fóltì 12.6 hàn, bó bá jẹ́ 12.2, ó ti lọ tó ìdajì. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.8 sí 14.4, bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, alternator, èyí tó ń fi iná sínú bátìrì, ni kí ẹ bá wí.

Ìgbà tó bá dún “kọ́” tó dákẹ́ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ má yí i léraléra. Jíà ní P, ẹ fa búréèkì ọwọ́, kí ẹnì kan máa yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ máa wo mítà lórí bátìrì. Bí ó bá já wálẹ̀ sí 8 tàbí kéré síyẹn, bátìrì kò lágbára tàbí kick-starter ti há. Bí ó bá dúró sí 12 àti díẹ̀, iná wà, ojú ọ̀nà ni kò jẹ́ kó kọjá. Ẹni tí kò ní mítà, kó tan iná iwájú: bó bá ṣókùnkùn, ọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyẹn; bó bá mọ́lẹ̀ síbẹ̀, èkejì ni.

Èkejì yìí ni mo fura sí fún yín. Nínú kick-starter tó wà lára ọ̀pọ̀ Toyota, kọ́pà méjì ló wà tí irin kan ń sáré wá so pọ̀. “Kọ́” tí ẹ ń gbọ́ ni irin náà tó dé. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń sítáàtì ni iná ń jẹ kọ́pà náà díẹ̀díẹ̀, pàápàá èyí tí wáyà bátìrì wọ̀, títí irin kò fi ní kan méjèèjì dáadáa mọ́. Nígbà karùn-ún, ó bọ́ síbi tó ṣì dára, ó gbà. Ooru ẹ́ńjìnnì láti Ọmù-Àrán dé Ìlọrin sì máa ń dín agbára tó ń fa irin náà kù; ìdí nìyẹn tí kì í fi í ṣe yín láàárọ̀.

Kí rẹwáyà tú nẹ́gétíìfù bátìrì kó tó fọwọ́ kan kick-starter, torí wáyà ńlá ibẹ̀ ní iná nígbà gbogbo. Kó pààrọ̀ kọ́pà méjèèjì pọ̀, kó sì wo irin tó ń so wọ́n: bí ó bá ti jin kòtò, kó pààrọ̀ rẹ̀ náà. Kó wo brush, èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò náà, níbẹ̀ bákan náà. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé èèyàn ní láti fi ìdí sípánà gbá kick-starter kó tó gbà, brush rẹ̀ ló sábà máa ń ti jẹ tán.

Bí ó bá jẹ́ “kẹ́” fẹ́lẹ́ ń wá láti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí kò dún rárá, ẹ gbé jíà sí N kí ẹ tún yí i. Bí ó bá gbà ní N, síwíìṣì jíà ló ń ṣe é. Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń yí ṣùgbọ́n kò mú, tí ó tún gbà lẹ́yìn tó bá tutù fún ogún ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi kick-starter sílẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi skáánà wò ó bóyá kóòdù P0335 wà níbẹ̀, sẹ́nsọ̀ crankshaft (èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀) nìyẹn.

Bí wọ́n bá tú kick-starter tí kọ́pà dára, tí brush gùn, tí wáyà mọ́, ìgbà yẹn ni kí ẹ lọ ra òmíràn. Kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì lójú yín bí ìgbà mẹ́wàá kí ẹ tó sanwó, kí wọ́n sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ó máa ń fò.