Oògùn táírọ́ìdì àti inú tí kò dá: ṣé kí n fi kún oògùn mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n yọ táírọ́ìdì mi nítorí gẹ̀gẹ̀, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń lo levothyroxine (oògùn tó ń rọ́pò iṣẹ́ táírọ́ìdì) 100 máíkírógíráàmù. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ ni mo máa ń lò ó pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ (èyí tó ń fi ẹ̀jẹ̀ kún ara) àti omeprazole tí wọ́n fún mi fún ọgbẹ́ inú. Síbẹ̀, ó ń rẹ̀ mí, ìgbẹ́ kì í yà dáadáa, àyẹ̀wò sì fi hàn pé TSH mi (ohun tó máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ bí oògùn táírọ́ìdì kò bá tó lára) ga. Ṣé kí n fi kún un?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi kún un. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé oògùn náà ni kò wọ inú ẹ̀jẹ̀ yín tó, kì í ṣe pé èyí tí dókítà kọ kéré. Inú ìfun kékeré ni ara ti ń fa levothyroxine, kódà nígbà tí inú bá ṣófo, nǹkan bí ìdá 60 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló ń wọlé. Bí oúnjẹ bá wà níbẹ̀, yóò dín sí i, ìyókù yóò sì bá ìgbẹ́ lọ.

Nínú ohun tí ẹ dárúkọ, oògùn ẹ̀jẹ̀ ló kọ mí lóminú jù. Áyọ́ọ̀nù (iron) inú rẹ̀ máa ń so mọ́ levothyroxine nínú ìfun débi pé ara kò ní lè fà á mọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kálísíọ́ọ̀mù àti àwọn oògùn funfun tí à ń mu nítorí àyà títa ṣe ń ṣe. Ẹ fi omi lásán lo levothyroxine bí ẹ bá ṣe jí, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ tó fẹnu kan ẹ̀kọ, àkàrà tàbí kọfí, kí oògùn ẹ̀jẹ̀ sì dúró di ọ̀sán, ó kéré tán lẹ́yìn wákàtí 4. Ẹni tí àárọ̀ kò bá rọ̀ lọ́rùn lè lò ó nígbà tó bá fẹ́ sùn, bí ó bá ti tó wákàtí 3 tó ti jẹun. Èyí wúlò gan-an nínú ààwẹ̀ Ràmàdánì. Bí ó bá jẹ́ oyún ló mú yín máa lo oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró rárá, ẹ tètè sọ fún dókítà, nítorí ara aboyún ń béèrè levothyroxine púpọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ omeprazole yàtọ̀. Omi kíkan inú ikùn ló ń dín kù, omi kíkan yìí sì wà lára ohun tó ń mú kí hóró levothyroxine yọ́. Nítorí pé agbára rẹ̀ máa ń wà lára tọ̀sán-tòru, yíyí àkókò padà nìkan kò tó. Ẹ bi dókítà bóyá ẹ ṣì nílò rẹ̀, nítorí mo máa ń rí àwọn tí wọ́n kọ ọ́ fún fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n sì ń rà á lọ fún ọdún. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n ti yẹ̀ yín wò fún kòkòrò Helicobacter pylori, èyí tó máa ń fa ọgbẹ́ inú, tó sì lè dí oògùn táírọ́ìdì lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ má dá omeprazole dúró fúnra yín: bí ikùn bá padà sípò, levothyroxine tó ń wọlé lè pọ̀ jù, kí àyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára lù.

Ní ti ìgbẹ́, àìtó oògùn táírọ́ìdì máa ń mú kí ìfun lọ́ra, oògùn ẹ̀jẹ̀ sì máa ń mú kí ìgbẹ́ le. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì pàdé lára yín. Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́ àti èso, kí ẹ sì máa mu omi dáadáa. Oògùn ẹ̀jẹ̀ lè sọ ìgbẹ́ di dúdú, ṣùgbọ́n bí ó bá dúdú, tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, tó sì ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tún àkókò oògùn ṣe, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kọjá kí ẹ tó tún TSH yẹ̀ wò, nítorí nǹkan bí ọjọ́ 7 ni ìdajì levothyroxine fi ń kúrò lára, àyẹ̀wò tó bá yá jù kò sì ní sọ òótọ́ fún wa. Bí ó bá ṣì ga nígbà náà, ẹ kọ àkókò tí ẹ ń lo oògùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún dókítà, kó lè pinnu bóyá kó fi kún levothyroxine tàbí kó wá àìsàn inú mìíràn.