Mo ti ń sún ìwé ìhágún síwájú tipẹ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ lọ́yà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Kàbà. Mo kọ́lé síbí, mo ra ilẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, mo sì gbin kajú sórí ilẹ̀ ẹbí. Èkó àti Àbújá làwọn ọmọ mi wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ìwé ìhágún, ṣùgbọ́n ọ̀la-ọ̀la ni. Ọ̀rẹ́ mi tiẹ̀ ní ẹni tó bá ń kọ ọ́ ń pe ikú ni.

Ìdáhùn: Bàbá, okun o. Ìwé ìhágún kì í pe ikú, kì í sì í gba ohunkóhun lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ wà láyé. Ẹ lè tún un kọ, ẹ lè fà á ya, ẹ lè ta ilé náà lọ́la bó bá wù yín. Nítorí náà, ẹ má retí kí gbogbo rẹ̀ yanjú lọ́kàn yín kí ẹ tó mú bírò. Mo rò pé ta ni ilé máa kàn ló dá yín dúró. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ẹ kọ́kọ́ tú àpò ìwé yín. Ẹ wo ti ilẹ̀ Lọ́kọ́ja dáadáa: orúkọ ta ló wà níbẹ̀? Àwọn wo ló tẹ̀ka sí i, ta ló ṣì wà láyé nínú wọn? Bó bá jẹ́ rìsíìtì lásán ni, ìsinsìnyí tí ẹni tó tà á fún yín ṣì lè jẹ́rìí ni kí ẹ lọ gba ojúlówó ìwé. Ọmọ tó wà ní Èkó kò mọ ilé onítọ̀hún.

Ní ti kajú, ẹ kò lè fi ilẹ̀ ẹbí tí wọn kò tíì pín há ọmọ yín. Ẹ lọ bá olórí ẹbí, kí ẹ jọ sọ ẹni tí yóò máa ká a, kí ẹ sì kọ àdéhùn náà sílẹ̀. Ìjà yìí burú: ọmọ á ní bàbá òun ló gbìn ín, ẹbí á ní ilẹ̀ àwọn ni, òótọ́ sì ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ẹ má sì gbọ́kàn lé orúkọ next of kin tí ẹ kọ sí báńkì. Ẹni tí wọ́n máa kàn sí nìyẹn, kì í ṣe pé ó ti jogún owó náà.

Ìwé ìhágún fúnra rẹ̀ kò gùn. Ẹ buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà buwọ́ lù ú lójú yín. Ẹni tí ẹ há nǹkan fún, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, kí ohun tí ẹ há fún un má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yan ẹni méjì tí yóò mú un ṣẹ, kí ọ̀kan jẹ́ ẹni tó ń gbé nítòsí. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà kan pa mọ́ sí ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́kọ́ja, kí ẹ sì sọ fún àwọn méjèèjì pé ibẹ̀ ló wà.