Ẹsẹ̀ Mi Ń Wú Lálaalẹ́, Ewé Wo Ni Kí N Lò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 48 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági n'Ìbàdàn, láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú ni mo máa ń jókòó nídìí ọjà. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ báyìí ẹsẹ̀ mi méjèèjì á ti wú, bàtà á há, àmì okùn ẹ̀ á wà lára ẹsẹ̀ mi bí ìgbà tí wọ́n fi nǹkan dè mí. Tí mo bá sùn tí mo jí, á ti lọ sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ní mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fún mi ní amlodipine, mo sì ń lò ó dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa mu sóbò àti omi irun àgbàdo, ẹlòmíì ní kí n dín omi tí mò ń mu kù. Èwo ni kí n ṣe nínú ẹ̀?
Ìyá Aláṣọ, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláṣọ mi, ẹ kú ọjà o, ẹ kú àfaradà.

Ká tó dé orí ewé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo oògùn yín. Amlodipine fúnra ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ wú, pàápàá tó bá jẹ́ 10 mg, àwa obìnrin ló sì máa ń ṣe jù. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ bá dókítà tó kọ ọ́ fún yín kí ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ yín ń wú, ó lè dín in kù, ó sì lè pààrọ̀ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ibuprofen àti diclofenac, oògùn ara ríro tá a máa ń rà ní kẹ́míìsì tí ẹ̀yìn tàbí orúnkún bá ń ro wá, wọ́n máa ń dá omi dúró sára, wọ́n á tún ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Tẹ́ ẹ bá ń lo ìyẹn náà, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà.

Ìkejì ni ìjókòó yẹn. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló máa ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè nígbà téèyàn bá ń rìn, tó bá wà lójú kan látàárọ̀, omi á rọra jò sísàlẹ̀ ẹsẹ̀. Ẹ dìde ní wákàtí wákàtí, ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò yín lọ́jà kẹ́ ẹ padà. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ dùbúlẹ̀, ẹ fi pílò méjì mẹ́ta sábẹ́ ẹsẹ̀ kó ga ju àyà lọ, fún bí ìṣẹ́jú ogún.

Ó wá ku oúnjẹ, ibẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dúró sí, torí mo ti rí èèyàn tó ń mu oríṣi àgbo mẹ́ta tó sì ń ju magí mẹ́fà sínú ìkòkò ọbẹ̀ kan. Ibi tí iyọ̀ bá wà lomi ń dúró sí nínú ara. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, kò kún ṣíbí tíì kan, àti èyí tá a bù sọ́bẹ̀ àti èyí tó fara pamọ́ o. Èyí tó fara pamọ́ ló ń pa wá: magí, indomie, búrẹ́dì, ẹja oníyọ̀, àti káún. Káún yìí làwa Yorùbá kì í kà sí iyọ̀, bẹ́ẹ̀ sodium tó wà nínú iyọ̀ náà ló kún inú ẹ̀. Láwọn ọdún 1970 sókè, àwọn dókítà ní Zaria ń rí àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun tí ara wọn wú tí ọkàn wọn ò sì ṣiṣẹ́ dáadáa, ohun tí wọ́n fura sí ni kunu tí wọ́n fi káún sè tí àwọn ìyá náà ń mu lẹ́yìn ìbímọ. Ewédú ò nílò káún rárá. Ẹ ra ewé tó tutù, tí kò tíì gbó, ẹ jẹ́ kí omi hó kẹ́ ẹ tó dà á sí i, kẹ́ ẹ wá fi ìjábẹ̀ já a dáadáa, á yọ̀ dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ̀wà náà, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, á tètè rọ̀. Fún adùn ọbẹ̀, irú ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò magí, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó fi iyọ̀ sí i, torí ọ̀pọ̀ ń fi sí i kó má bàa tètè bàjẹ́.

Sóbò dáa ní tiẹ̀, ó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀, ó sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ ṣan ìṣápá gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ sè é pẹ̀lú atalẹ̀, ẹ má fi ṣúgà sí i, ife kan lójúmọ́ ti tó. Ẹ ṣáà sọ fún dókítà pé ẹ̀ ń mu ún, kó má lọ pa pọ̀ mọ́ oògùn kó fa ẹ̀jẹ̀ yín wálẹ̀ jù. Irun àgbàdo náà, àwọn ìyá wa ti ń lò ó tipẹ́ fún ìtọ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa nítorí oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sóko. Kùkúńbà, wọ́tàmẹ́lọ̀n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dáa, àfi tí wọ́n bá ti sọ fún yín pé kíndìnrín ń yọ yín lẹ́nu, ìgbà yẹn ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó jẹ wọ́n lájẹjù torí potassium inú wọn. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ dín omi kù, ẹ má dá a lóhùn, tí kì í bá ṣe pé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì lọ ra Lasix, oògùn tó ń múni tọ̀, jẹ fúnra yín.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun yín, ẹ ka ení èjì dé mẹ́wàá, kẹ́ ẹ mú ọwọ́ kúrò. Tó bá jin kòtò tí kò tètè padà, ẹ fi han dókítà. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tó ń dun yín tó sì gbóná, tàbí tí èémí ń há tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, tí ojú ń wú láàárọ̀, tàbí tí ìtọ̀ ń hó bí omi ọṣẹ, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ sí họsibítù.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, oyún oṣù méje wà nínú mi, ẹsẹ̀ mi wú, ìyá ọkọ mi gbé àgbo wá. Ṣé kí n mu ún?
Ìyàwó Kékeré, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Rárá o, ọmọ mi, ẹ má mu ún, ẹ fi sóbò náà sílẹ̀ títí ẹ ó fi bímọ. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá, ẹ ní nọ́ọ̀sì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ nínú oyún, àmọ́ tó bá di ojú àti ọwọ́, tí orí ń fọ́ yín, tí ojú yín ń ṣú, tàbí tí BP yín bá ti dé 140/90, ẹ má dúró di ọjọ́ kílíníìkì, òru náà ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ mú káàdì yín dání.