Ṣé A Ó Rí Eré Náà Lóòótọ́? Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Tẹ̀lé Tour de France

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì lọ́dún tó kọjá. Ẹni ọdún 61 ni mí. Ní àràárọ̀ Sátidé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ṣábó lọ sí ọ̀nà Ìmọ̀tà, a ó sì padà kí oòrùn tó mú. Ilé-iṣẹ́ kan ti kọ̀wé sí wa pé àwọn yóò mú wa lọ sí ilẹ̀ Faransé fún ọjọ́ mẹ́wàá, pẹ̀lú afinimọ̀nà, láti tẹ̀lé ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour de France, wọ́n sì fẹ́ kí a san ìdajì owó sílẹ̀. Ìyàwó mi fẹ́ bá wa lọ, ṣùgbọ́n kò gun kẹ̀kẹ́ rí. Ṣé a ó rí eré náà lóòótọ́? Kí ni ó yẹ kí a bi wọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa?

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì. Ẹ ó rí eré náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá mú yín dúró sí ni yóò sọ bí ẹ ó ṣe rí i tó, kì í ṣe iye ọjọ́ tí ẹ bá lò. Ìpele 21 ni Tour de France máa ń ní láàárín ọjọ́ 23, nínú oṣù Keje lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ méjì ni wọ́n sì fi ń sinmi. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń rìn máa ń súnmọ́ kìlómítà 3,400, kò sì sí pápá ìṣeré tí a ti ń jókòó wò ó, nítorí pé títì tí àwọn ará ìlú ń rìn lójoojúmọ́ ni wọ́n ń lò. Ẹnikẹ́ni ló lè dúró sí etí títì láìsan kọ́bọ̀. Bí ìran wíwò bá wá jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ni owó ńlá tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ yín wà fún? Ibùsùn, ọkọ̀ àti oúnjẹ wà nínú rẹ̀, mo gbà, ṣùgbọ́n ohun tí ó níye lórí jù níbẹ̀ ni ìmọ̀ afinimọ̀nà, ẹni tí ó mọ wákàtí tí ọlọ́pàá yóò ti títì, tí ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn tí ọkọ̀ lè gbà, tí ó sì mọ igun tí ènìyàn lè dúró sí kí ojú rẹ̀ tó ọ̀nà jìnnà. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì lásán ni ó ń tà fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ. Ìpele ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n mú wa lọ. A dé ibẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, a sì dúró títí ọ̀sán fi pọ́n. Ní nǹkan bí wákàtí méjì kí àwọn agunkẹ̀kẹ́ tó dé, àwọn ọkọ̀ ìpolówó ọjà kọ́kọ́ kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń ju fìlà, ìdè kọ́kọ́rọ́ àti àwọn ìpápánu kéékèèké sí èrò. Láti ọdún 1930 ni wọ́n ti ń ṣe èyí, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀ ju eré gan-an lọ. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró hẹlikópítà, èrò dìde, mo bọ́ jígí ojú mi láti nù ún, kí n sì tó dá a padà, atẹ́gùn kan fẹ́ lù mí láyà, ariwo táyà lórí ọ̀dà dún ṣììì, ó sì tán. Ẹni tí ó lé ní àádọ́jọ ti kọjá níwájú mi, n kò dá ẹyọ kan mọ̀ nínú wọn. Bí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín bá kún fún irú ìpele báyìí, ẹ ní kí wọ́n tún un tò.

Orí òkè ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ wo Alpe d'Huez, tí ìgòkè rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 13.8, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá títì tí ọkọ̀ BRT ń gbà láti Mile 12 wá sí Ìkòròdú dọ́gba. Ẹ fojú inú wo títì yẹn kí ó máa ròkè láti Mile 12, láìsí ibi tí ó tẹ́jú tí ẹsẹ̀ lè sinmi sí, títí tí ẹ ó fi dé gáréèjì Ìkòròdú, tí ẹ ó sì ti fi mítà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ga ju ibi tí ẹ ti gbéra lọ. Igun 21 ni ó wà lójú ọ̀nà náà, olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n ti borí níbẹ̀ sì wà lára pátákó wọn. Níbi tí ó bá le tó báyìí, àwọn agunkẹ̀kẹ́ kì í lè wà papọ̀ mọ́. Ní méjì, ní mẹ́ta, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dé, ó sì lè tó ìdajì wákàtí tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn. Mo ti rí òógùn tí ó ń kán láti imú ẹnì kan sórí irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kò sì ju gígùn apá kan lọ láàárín èmi àti òun.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tí ó bá wá bá mi ní Ìkòròdú pé kí wọ́n mú ìpele orí òkè méjì, kí wọ́n fi ìpele kan tí wọ́n ti ń sáré lọ́kọ̀ọ̀kan kún un bí ó bá bọ́ sí àkókò wọn, kí wọ́n sì fi àwọn ọjọ́ tó kù sinmi ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Ní ìpele ìsáré lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń wà láàárín ẹnì kan àti ẹni tó tẹ̀lé e, nítorí náà màmá wa lè jókòó sórí àga ìtẹ̀ká fún wákàtí bíi mẹ́rin, kí ó rí gbogbo wọn, kí ó sì jẹun láìkánjú.

Ní ti ìbéèrè tí ẹ ó bi wọ́n, mo ní ọ̀kan tí ó ṣíwájú gbogbo èyí tó kù, ojú mi sì ni ó ti là kọjá. Ọdún kan wà tí mo bá ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ da ọ̀nà pọ̀, mo kó ènìyàn mẹ́rin lọ láti Ìkòròdú àti Ìjẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ yóò gbé wa dé ìtòsí orí òkè. Kí a tó dé ìsàlẹ̀ òkè, ọlọ́pàá ti ti títì, ìtòsí náà sì di kìlómítà mẹ́fà tí a ní láti fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn, pẹ̀lú ìyá kan tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní kìlómítà kejì, mo gba àpò rẹ̀ rù. Ní ìkẹta, a jókòó sórí òkúta, mo ń da omi sí i lọ́rùn díẹ̀díẹ̀, a kò sì kọjá ibẹ̀ mọ́. Ìyá náà kò bá mi wí, ṣùgbọ́n ó dùn mí títí di òní, nítorí pé èmi ni ó fọkàn tán. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n pé láago mélòó ni ọkọ̀ yóò kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì ní ọjọ́ orí òkè, ibo gan-an ni yóò dúró sí nígbà tí wọ́n bá ti títì, kìlómítà mélòó ni ẹ ó sì fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀. Bí wọn kò bá lè fi ìka tọ́ ibẹ̀ lórí máàpù, ẹ má sanwó. Ẹ bi wọ́n bákan náà nípa bí ẹ ó ṣe sọ̀kalẹ̀, nítorí pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ó máa ń tẹ̀lé eré lórí òkè lè gba wákàtí púpọ̀. Bí wọ́n bá sì ṣèlérí ààyè pàtàkì lẹ́bàá ibi ìparí eré, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé àṣẹ tí A.S.O., ilé-iṣẹ́ tó ni ìdíje náà, fún wọn hàn yín.

Ẹ̀yin àti àwọn ọ̀rẹ́ yín yóò fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣábó sí Ìmọ̀tà ti fún yín ní èémí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ títẹ́jú ni. Ẹ ní kí wọ́n háyà kẹ̀kẹ́ alábátìrì tí ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ fún yín, kí ọkọ̀ kan sì máa tẹ̀ lé yín lẹ́yìn, kí màmá wa wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú omi àti aṣọ. Gígòkè kọ́ ni mo ń bẹ̀rù fún ẹni tó ti Ìkòròdú lọ, sísọ̀kalẹ̀ ni. A kò ní ibi tí a ti lè kọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀kalẹ̀ fún kìlómítà mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wa sì máa ń di búrèkì mú ṣinṣin láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí irin rẹ̀ yóò fi gbóná, tí ọwọ́ yóò sì kú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó wọ igun, ẹ tú u sílẹ̀ nígbà tí ọ̀nà bá tọ́, ojú ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ máa wò. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bí tiwa, ìyẹn kò ní dà yín láàmú.

Ọ̀rọ̀ físà ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa jù. Físà Schengen, tí ilẹ̀ Faransé àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù jọ ń lò, ni ẹ ó gbà, owó rẹ̀ jẹ́ Yúrò 90 fún àgbàlagbà, ìwé adójútòfò ìrìn-àjò yín sì gbọ́dọ̀ tó Yúrò 30,000 ó kéré tán. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Ọjọ́ 15 ni wọ́n sábà máa ń fi yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè fà dé ọjọ́ 45. Ilé-iṣẹ́ aṣètò ìrìn-àjò kankan kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn yóò fún yín. Ìdajì owó tí wọ́n ń bèèrè yẹn, ẹ má san án àyàfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé iye báyìí ni ẹ ó gbà padà bí wọ́n bá kọ̀ yín ní físà. Ẹ wo ibi tí eré yóò ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé kì í ṣe ilẹ̀ Faransé ní gbogbo ìgbà: Edinburgh, ní Ìlú Ọba, ni wọ́n ti kéde fún ọdún 2027, ẹni tó bá sì fẹ́ wo ìbẹ̀rẹ̀ yẹn yóò gba físà méjì.

Bí ó bá jẹ́ owó tèmi ni, Tour du Rwanda ni n ó kọ́kọ́ mú yín lọ. Ọjọ́ mẹ́jọ ni, inú oṣù Kejì ni wọ́n máa ń ṣe é, a kì í gba físà ṣáájú kí a tó lọ, bí káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú bá ti wà lọ́wọ́. Òkè ni gbogbo ilẹ̀ náà, èrò máa ń bo etí títì bámúbámú, Kigali sì ni wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé kẹ̀kẹ́ ojú títì ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, èyí tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Mo mọ̀ pé Faransé ló wà lọ́kàn yín, n kò sì ní dá yín lẹ́kun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tí Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, borí ní ìlú Turin, tí ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó gba ìpele kan ní Tour de France, omi bọ́ lójú mi níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó tún gba méjì sí i, ó sì gbé ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ti ẹni tó kó àmì jọ jù, lọ sílé. Ẹni tó bá fẹ́ dúró sí etí títì kí ó pariwo orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ di ṣúẹ́tà àti aṣọ òjò, nítorí pé orí Tourmalet, òkè kan tí eré náà máa ń gbà, ga ní mítà 2,115, òtútù sì lè mú níbẹ̀ nínú oṣù Keje. Oògùn tí ẹnikẹ́ni bá ń lò lójoojúmọ́, inú àpò ọwọ́ ni kí ó wà. Ẹ fi ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sí yín ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fún wọn lésì, pàápàá ojú ewé tí wọ́n kọ ìpele ojoojúmọ́ àti orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì sí, n ó bá yín wò ó.