Pass tó ń kú mọ́ yín lọ́wọ́ nínú LLVM: ẹ̀yìn ni kí ẹ wò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín délẹ̀. Ẹ kọ pass kan, ìyẹn ìgbésẹ̀ tó ń yẹ kóòdù wò tàbí tó ń tún un kọ, fún LLVM, àkójọ ohun èlò tí a fi ń kọ́ kọ̀ǹpáílà. Pass yín ń wá ibikíbi tí wọ́n ti fi 2 sọ nọ́ńbà di púpọ̀ nínú IR (èdè àárín tí LLVM ń sọ kóòdù dà), ó ń yọ `mul` (ìsọdipúpọ̀) kúrò, ó sì ń fi `shl` (sísún bíìtì sí òsì) dípò rẹ̀. Tí ẹ bá fi `opt`, irinṣẹ́ tó ń sá pass lórí IR, sá a, ó lè ṣiṣẹ́ lónìí kó kú lọ́la pẹ̀lú segmentation fault (ikú ètò tó fọwọ́ kan mẹ́mórì tí kò yẹ), ibi tó sì ti ń kú kò kan kóòdù yín rárá. Tí ẹ bá gbé e fún `clang`, kọ̀ǹpáílà C àti C++ ti LLVM, kò ṣe nǹkan kan, kò sì sọ nǹkan kan. Ẹnì kan ti dá yín lóhùn pé kí ẹ lọ ka source LLVM fúnra yín. Ìdáhùn yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí. Òun gan-an ni wọ́n fún èmi náà nígbà tí ojú ń pọ́n mi, kò sì ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìlà inú source yẹn lé ní mílíọ̀nù. Ẹni tí kò tíì mọ ohun tó ń wá kò lè rí i níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ikú yẹn. Kóòdù tí ẹ fi hàn ń fi `for (Instruction &I : BB)` rìn, ó sì ń pe `I.eraseFromParent()` nínú ìrìn náà. Àwọn àṣẹ inú búlọ́ọ̀kù so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ẹ ti pa èyí tí ẹ dúró lé lórí rẹ́, ẹ tún wá ń bi í pé èwo ló kàn. Mẹ́mórì tí a ti dá padà lẹ ń kà. Tí ohun tó wà níbẹ̀ kò bá tíì yí padà, ẹ ó rò pé ó ṣiṣẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

```
for (BasicBlock &BB : F)
  for (Instruction &I : make_early_inc_range(BB)) {
    Value *X;
    if (!match(&I, m_c_Mul(m_Value(X), m_SpecificInt(2))))
      continue;
    IRBuilder<> B(&I);
    Value *S = B.CreateShl(X, 1);
    I.replaceAllUsesWith(S);
    I.eraseFromParent();
  }
```

`make_early_inc_range` ti gbé ẹsẹ̀ sórí àṣẹ tó kàn kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ìsinsìnyí. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àṣẹ tó kàn yẹn gan-an lẹ fẹ́ pa rẹ́ pẹ̀lú, kò ní gbà yín. Ẹ kó gbogbo wọn sínú `SmallVector` ná, kí ẹ wá pa wọ́n rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá rìn tán. Ẹ má ṣe dojú ìlà méjì tó kẹ́yìn dé. Ẹ kọ́kọ́ rọ́pò, kí ẹ tó pa á rẹ́, torí àwọn àṣẹ mìíràn ṣì ń lo èsì `mul` náà. `m_c_Mul` ni mo lò nítorí pé `2 * x` tí kò tíì kọjá `instcombine` (pass LLVM tó ń tún àṣẹ kọ sí irú tó rọrùn) máa ń gbé 2 sí apá òsì.

Ohun tó sọ ọ́ di àdììtú fún yín ni pé LLVM tí ẹ gbà sílẹ̀ ní kíkọ́ tán kò ní assertion (àyẹ̀wò inú kóòdù tó ń dá ètò dúró bí nǹkan bá ti ṣì) nínú. Tó bá ní i ni, tí ẹ bá sì pa àṣẹ tí wọ́n ṣì ń lò rẹ́, á kígbe lójú ẹsẹ̀ pé `Use still stuck around after Def is destroyed`, á sì dárúkọ àṣẹ náà fún yín. Láìsí assertion, á dákẹ́, á máa lọ, á sì wó lulẹ̀ níwájú. Ẹ kọ́ tiyín láti source pẹ̀lú `-DLLVM_ENABLE_ASSERTIONS=ON`. Ẹ fi `-DLLVM_TARGETS_TO_BUILD=X86` dín iṣẹ́ kù tí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ ti x86, kí ẹ sì fi `-DLLVM_PARALLEL_LINK_JOBS=1` sí i tí ẹ bá ń lo Ninja, torí linker (irinṣẹ́ tó ń so àwọn ègé kóòdù pọ̀) máa ń jẹ mẹ́mórì tán pátápátá. Kò sí ìwé ìkọ́ni kankan nínú gbogbo èyí tí mo kà níbẹ̀rẹ̀ tó sọ èyí ní ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ fi ti àgbà ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Pass tó kú kì í sábà jẹ́ pass tó jẹ̀bi.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Pass kan bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ kó tó kúrò níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi àyẹ̀wò síwájú gbogbo `sdiv` àti `udiv` (àwọn àṣẹ pínpín), kí ètò lè kìlọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ fi òdo pín nọ́ńbà. Ó ń lo `SplitBlockAndInsertIfThen`, tó ń gé búlọ́ọ̀kù sí méjì kó lè rí àyè fi ẹ̀ka tuntun sáàárín. Tí mo bá dá òun nìkan sá, kò sí wàhálà. Mo fi verifier, ohun tó ń wò bóyá IR tọ́, yẹ IR rẹ̀ wò, verifier ní ó péye. Tí mo bá wá fi í sáàárín àwọn pass `-O2` (ìpele tí kọ̀ǹpáílà ti ń mú kóòdù yá), `loop-unroll`, pass tó ń tú loop (ìyípo) palẹ̀, á kú. Kì í ṣe lórí gbogbo fáìlì o. Fáìlì kan á kọjá, èkejì tó jọ ọ́ bí ìbejì á wó. Tí mo bá yọ pass kan tí kò kan tiwa kúrò lókè, gbogbo rẹ̀ á tún dára.

Mo béèrè. Amòye kan tí wọ́n ń sanwó fún láti mọ irú nǹkan yìí wo ibi tó ti kú, ó ní `loop-unroll` ló bàjẹ́. Òmíràn ní mẹ́mórì kọ̀ǹpútà mi ni kí n lọ yẹ̀ wò, mo sì fi gbogbo òru ṣe ìdánwò mẹ́mórì tí kò ṣe nǹkan kan. Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ: kí ni pass yín ń dá padà?

Ìlà tó parí pass náà ni `return PreservedAnalyses::all();`. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ fún pass manager, tó ń darí àwọn pass, ni pé n kò ba ohunkóhun jẹ́, gbogbo ohun tí ẹ ti mọ̀ nípa function yìí ṣì rí bẹ́ẹ̀. Pass manager a máa tọ́jú èsì ìtúpalẹ̀, bíi `DominatorTree` (búlọ́ọ̀kù wo ló gbọ́dọ̀ ṣáájú èwo) àti `LoopInfo` (àkọsílẹ̀ àwọn loop), kó má baà tún wọn ṣe nígbà gbogbo. Pass kan lókè ti béèrè `LoopInfo`, èsì rẹ̀ sì wà nípamọ́. Pass tiwa wá gé búlọ́ọ̀kù inú loop, ó bí búlọ́ọ̀kù tuntun tí `LoopInfo` kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, ó sì ní nǹkan kan kò yí padà. `loop-unroll` dé, ó béèrè pé inú loop wo ni búlọ́ọ̀kù yìí wà, wọ́n fún un ní `nullptr`, ó lò ó, ó kú. Lórí fáìlì tí kò ti sí ẹni tó béèrè `LoopInfo` ṣáájú, wọ́n á ṣe é ní tuntun lẹ́yìn tiwa, kò sì ní sí ìṣòro. Ìdí tó fi ń mú fáìlì kan tó ń fi òmíràn sílẹ̀ nìyẹn. Verifier kò lè rí i, torí kò sí àléébù nínú IR fúnra rẹ̀. Ohun tí pass manager tọ́jú nípa IR náà ló ti di ti àná.

Nítorí náà, ẹ dá `PreservedAnalyses::none()` padà nígbàkígbà tí ẹ bá yí ohunkóhun padà, kí ẹ fi `all()` sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ kò fọwọ́ kan nǹkan kan. `none()` lè mú kọ̀ǹpáílà falẹ̀ díẹ̀, kò ní pa á. Tó bá yá, nítorí pé tiyín kò gé búlọ́ọ̀kù kankan, ẹ lè lo `PA.preserveSet<CFGAnalyses>()`. Ẹ sì máa fi `-verify-each` sá a nígbà gbogbo, kí ẹ fi `-verify-dom-info` àti `-verify-loop-info` kún un. LLVM tí a fi `-DLLVM_ENABLE_EXPENSIVE_CHECKS=ON` kọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: á mú pass tó bá yí function padà tó sì ní òun kò yí i padà.

Bí a ti wà lórí gígé búlọ́ọ̀kù yìí, ẹ ṣọ́ra fún `phi` (àṣẹ tó ń yan iye gẹ́gẹ́ bí ibi tí ètò ti wọ búlọ́ọ̀kù) lọ́jọ́ tí pass yín bá dàgbà. Gbogbo `phi` gbọ́dọ̀ wà ní ìbẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀kù, kí ohunkóhun má sì wà láàárín wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan síbẹ̀rẹ̀ búlọ́ọ̀kù, `getFirstInsertionPt()` ni kó lò, kì í ṣe `begin()`. `alloca` (àṣẹ tó ń gba àyè lórí stack) náà, ẹ fi sínú búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ function. Ẹni tó bá fi í sínú loop ń fẹ stack lójú ní gbogbo ìyípo ni, `mem2reg` (pass tó ń gbé irú àyè bẹ́ẹ̀ kúrò nínú mẹ́mórì) kò sì ní wò ó. Tí ẹ bá fi `call` sínú function tó ní debug info, tí function tí ẹ ń pè náà sì ní tirẹ̀, àfi kí ẹ fún `call` náà ní `!dbg` (àmì ibi tó ti wá nínú kóòdù), verifier kò ní gbà láìsí i.

Ẹ kíyè sí i pé n kò gbé `nsw` sínú kóòdù òkè yẹn, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. `clang` máa ń kọ `mul nsw` fún `int`, ìyẹn ìlérí pé nọ́ńbà kò ní kún àkúnya. Tó bá kún, èsì rẹ̀ á di poison, ìyẹn iye tí a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Fún 2 lórí `i32`, ẹ lè gbé `nsw` lọ sórí `shl` láìséwu. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ fẹ̀ ẹ́ dé 4, 8 àti gbogbo ọmọ ìyá wọn, ibẹ̀ ni ọ̀fìn wà. Ẹ mú `i8`: `mul nsw 1, -128` péye, -128 ni èsì rẹ̀. `shl nsw 1, 7` tó yẹ kó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ poison. Tí iye tí ẹ ń sún bá ti jẹ́ bíìtì tó gbẹ̀yìn, ẹ ju `nsw` nù. Irú àṣìṣe yìí kì í pa kọ̀ǹpáílà. Ètò ẹlòmíràn ló ń bàjẹ́, lẹ́yìn tí ẹ ti lọ sùn. Ẹ kó IR ti ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn fún Alive2, irinṣẹ́ àyẹ̀wò fún LLVM, òun á sọ bóyá èkejì dúró fún àkọ́kọ́ lóòótọ́.

Ti `clang` tí kò ṣe nǹkan kan, èyí rọrùn. `registerPipelineParsingCallback` nìkan lẹ kọ, orúkọ tí ẹ ń fún `-passes=` ti `opt` nìyẹn wà fún. `clang -fpass-plugin=` kò mọ orúkọ, àfi kí ẹ fi pass náà sí ibi pàtó pẹ̀lú `registerPipelineStartEPCallback`. Ẹ má fi sí `OptimizerLast`, torí `instcombine` á ti sọ `mul` wọ̀nyẹn di `shl` kó tó kàn yín. Ní `-O0`, ìpele tí kò sí ìmúdára, `clang` ń fi `optnone` (àmì pé kí wọ́n má ṣe mú un dára) sórí gbogbo function, wọ́n á sì fo pass yín kọjá láìsọ ọ́ fún yín. Ẹ fi `-Xclang -disable-O0-optnone` sí i, tàbí kí `isRequired()` pass yín dá `true` padà.

Ìwé ìkọ́ni tí ẹ fi ìjápọ̀ rẹ̀ síbẹ̀, tó ń lo `RegisterPass` àti `runOnFunction`, ẹ pa á tì. Pass manager tuntun ti gba ipò láti LLVM 13 ní 2021. Pointer tí kò ní irú mọ́ di ìṣe gbogbo ní LLVM 15 ní 2022, wọ́n sì yọ ti àtijọ́ kúrò ní LLVM 17 ní 2023, nítorí náà ohunkóhun tó bá ń pe `getPointerElementType` ti kú. Kò sí ẹni tó ṣèlérí pé C++ API yẹn kò ní yí padà láti ẹ̀dà kan sí èkejì, síbẹ̀ àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyẹn kì í kọ ẹ̀dà tí wọ́n lò sókè. Plugin yín, ìyẹn fáìlì pass tí ẹ kọ́, àti `opt` gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀dà LLVM kan náà. Tí ẹ bá rí `undefined symbol: typeinfo for`, ẹ fi `-fno-rtti` kọ́ plugin náà.

Tó bá tún kú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ fi `llvm-reduce` gé fáìlì `.ll` náà kúrú títí yóò fi ku ìwọ̀nba ìlà díẹ̀, kí ẹ fi í síbí pẹ̀lú ẹ̀dà LLVM yín àti àṣẹ tí ẹ fi sá a. Mo máa wò ó.