Dátà ò tó, ìwé ò kárí: ohun ìkọ́ni ọ̀fẹ́ wo ni mo lè lò?

Ìbéèrè: Fíṣíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS1 àti SS2 ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba kan ní Òde-Rẹ́mọ. Ọmọ 52 ló wà nínú kíláàsì kan, àwọn tó ní ìwé láàárín wọn ò ju mẹ́sàn-án lọ, nǹkan ò sì sí nínú láàbù wa mọ́. Wọ́n ní ohun ìkọ́ni ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí ayélujára, àmọ́ dátà wọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọ ò sì ní fóònù. Èwo ni mo lè lò? Ṣé mo lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún wọn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ẹ má ka dátà àwọn ọmọ mọ́ ètò yín rárá. Mo ti gbé fídíò kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan rí nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde níbí, tó jẹ́ pé orí ayélujára gan-an ni mo fẹ́ ti fi hàn wọ́n. Ọmọ bí ogójì tẹjú mọ́ ògiri, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ jálẹ̀ títí aago fi lù. Ojú àwọn ọmọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà náà, ohun tí kò bá tíì sí lórí láptọ́ọ̀pù mi, mi ò gbé e wọ kíláàsì. Ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dáa ni kí ẹ ti gba nǹkan sílẹ̀, kí ẹ tó gbọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́.

PhET ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àwọn àfarawé ìdánwò láàbù tí a ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Yunifásítì Colorado Boulder ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú fíṣíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní 2002. Ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní Circuit Construction Kit: DC, ẹ gbà á sílẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ni, kò wúwo, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Bátìrì, wáyà, gílóòbù àti súìṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó máa fà wọ́n wá sáàárín. Bí wáyà bá ti yí po tó pé, gílóòbù á tàn, ẹ ó sì rí àwọn bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rìn nínú wáyà. Ẹ wá so gílóòbù méjì tẹ̀lé ara wọn. Kí ẹ tó tan súìṣì, ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ èyí tó rò pé yóò mọ́lẹ̀ jù sínú ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á ní ti àkọ́kọ́ ni, pé ó ti jẹ lára iná náà kó tó dé ọ̀dọ̀ ìkejì. Ẹ má tètè já wọn nírọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn dáadáa, kí ẹ tó tan súìṣì. Ọgbọọgba ni méjèèjì yóò tàn. Ẹ wá fi ámítà wọn iná náà níwájú gílóòbù àkọ́kọ́ àti lẹ́yìn ìkejì: nọ́ńbà kan náà ni. Ọmọ tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ jiyàn lórí èyí kò ní gbàgbé rẹ̀. Bí wọ́n bá sì so wáyà láti orí bátìrì tààrà sí ìdí rẹ̀, iná á sọ lára bátìrì lójú wọn, láìjó ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Bí kò bá sí prójẹ́ktọ̀, ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, kí ọ̀wọ́ kan wà nídìí láptọ́ọ̀pù nígbà tí àwọn yòókù ń ṣe ìṣirò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ láti Yunifásítì Tai Solarin ní Ìjagun bá wá ṣe ìdánrawò ìkọ́ni lọ́dọ̀ yín, ẹ fà á mọ́ra. Ó ṣeé ṣe kó ní láptọ́ọ̀pù kejì.

Ní ti ìwé, ẹ wo ìkànnì Siyavula ti Gúúsù Áfíríkà. Ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ti Grade 10 sí 12 wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì fún wa láyè láti ṣe é ní fọtokópì. Grade 10 ò jìnnà sí SS1, ṣùgbọ́n sílábọ́ọ̀sì tiwọn ni wọ́n tẹ̀ lé. Ẹ gbé ti WAEC sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ mú orí tó bá a mu nìkan, kí owó bébà má baà ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ títẹ̀ yìí gbẹgẹ́ o. Ohun tí wọ́n ní kí a wò lọ́fẹ̀ẹ́ lè máà jẹ́ ohun tí a lè tẹ̀. Ẹ wá àmì Creative Commons lára rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà fi ń sọ ohun tí a lè fi í ṣe. BY ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe é. NC ní kí ẹ má fi pawó, nítorí náà kò gbọdọ̀ di ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ ń tà. ND ní kí ẹ má pín èyí tí ẹ bá yí padà. Ìwé àwọn òǹkọ̀wé wa tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp kò sí lára ọ̀fẹ́ yìí: òógùn ẹnì kan ni, ó sì ń dùn mí bí mo bá rí i lọ́wọ́ olùkọ́.

Ẹ tún ka ìjábọ̀ àwọn olórí olùdánwò lórí ìkànnì WAEC. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń sọ ibi tí àwọn ọmọ ti ṣubú nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ PhET, ẹ wá ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní Kolibri: ẹ ó kó ẹ̀kọ́ sórí láptọ́ọ̀pù kan, àwọn fóònù tó bá wà á sì máa bá a sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ ráútà kékeré, láìná dátà kankan.

Níkẹyìn, bí mo ṣe mọ iná ilẹ̀ wa, òru ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀kọ́ ni kí ẹ ti gba iná sí láptọ́ọ̀pù náà, kí ẹ sì tún fi fáìlì kan náà sórí fláàṣì.