A ti dẹ́rù ba àwọn ọmọ nípa oògùn olóró, wọn ò sì jáwọ́: kí ló kù?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ àdúgbò wa kó àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama jọ, a fi àwòrán àwọn tí oògùn olóró ti dà lórí rú hàn wọ́n. Ẹ̀rù bà wọ́n lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a tún ń ṣa ìgò oògùn ikọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Kí la máa ṣe? Ṣé ká gbé e tọ ìjọba lọ?

Ìdáhùn: Ẹ̀rù kì í pẹ́ lára ọmọdé. Ọmọ tó rí àwòrán lánàá, tó wá rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó mu kòdíìnì, èròjà olóró tó wà nínú àwọn oògùn ikọ́ kan, lónìí tí nǹkan kan ò ṣe é, irọ́ ni yóò ka ọ̀rọ̀ yín sí. Ẹ má sì to oògùn náà sórí tábìlì kí ẹ máa dárúkọ ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ń lò ó lẹ fi ń kọ́ wọn yẹn.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀ràn oògùn olóró àti ìwà ọ̀daràn, jọ tún gbé jáde lọ́dún 2018 dámọ̀ràn ìpàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tó sábà máa ń tó 10 sí 15, kí wọ́n sì tún padà sí i láwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìdánrawò ló yẹ kó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ mú ọmọ méjì. Kí ọ̀kan na ìgò sí èkejì: "Tọ́ ọ wò, kò sẹ́ni tó máa mọ̀." Kí èkejì dáhùn ní gbólóhùn kan, "Rárá, mi ò ní mu ún," kó sì kúrò níbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ wọn á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á máa ṣàlàyé. Àlàyé yẹn gan-an ni ẹni tó ń rọ̀ wọ́n á dì mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe títí ohùn wọn ò fi ní gbọ̀n mọ́.

Ẹ tọ ìjọba lọ o, ṣùgbọ́n ẹ má kọ̀wé pé "ẹ gbógun ti oògùn olóró". Kò sẹ́ni tí ẹ lè fi ìyẹn mú. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè, bíi pé kí wọ́n má ta oògùn ikọ́ tó ní kòdíìnì láìsí ìwé dókítà. Bí òfin yẹn bá ti wà, ẹ béèrè ẹni tó ń yẹ àwọn ilé oògùn wò àti iye ìgbà tó ń lọ lọ́dún. Ẹ kọ iye ìgò tí ẹ ṣà, ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti ṣà á, àti ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbọ́ èsì. Ẹ má ṣe dárúkọ ọmọ kankan níbẹ̀.

Ẹ kọ ìwé kejì fún ìtọ́jú àwọn tó ti di bárakú fún. Ara tó ti fi oògùn apàrora bíi tramadol sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kì í lè gba iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n kàn tì mọ́lé láìtọ́jú, tó jáde tó sì lo iye àtijọ́, èémí rẹ̀ lè dúró lójú oorun.